Táyà Méjì, Epo Kíkún

Ọ̀nà Dalton ní Alaska gùn tó kìlómítà 666, láti ìtòsí Livengood dé Deadhorse. Ní 1974 ni wọ́n là á fún àwọn akẹ́rù tó ń kó irinṣẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì. Wọn ò là á fún ẹni tó fẹ́ lọ ya fọ́tò. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi mọ́tò háyà ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ ò gbọdọ̀ gbé tiwọn débẹ̀, nítorí náà ẹ ka ìwé náà dópin kí ẹ tó buwọ́ lù ú.

Táyà àfipamọ́ méjì ni wọ́n ní kéèyàn gbé dání, torí kò sí ẹni tó ń lẹ táyà lábẹ́ igi kankan. Igi gan-an á tán tó bá yá.

Ti epo ló wá dùn jù. Láti Coldfoot tó wà lójú ọ̀nà náà dé Deadhorse, nǹkan bíi kìlómítà 386, kò sí ilé epo kankan. Bẹ́ẹ̀ páìpù epo rọ̀bì ń bá yín rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà! Ẹni tó bá ti tò síbi epo ní Nàìjíríà rí kò ní bèèrè bó ṣe jẹ́.

Ẹ mú àwọ̀n ẹ̀fọn. Ẹ̀fọn ibẹ̀ kì í fúnni ní ibà o, àmọ́ wọn ò mọ àlejò.

Tẹ́ ẹ bá dé Deadhorse, ọgbà àwọn elépo ló dínà òkun. Àfi kẹ́ ẹ ti forúkọ sílẹ̀ ṣáájú kí ọkọ̀ tó gbé yín lọ wò ó. Ọ̀nà kan náà lẹ ó sì gbà padà.