Ilé Itọ́ ní Ìlú Ọ̀gbẹlẹ̀

Àwọn baba wa ní ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ṣùgbọ́n nítorí pé ilẹ̀ tí ìrì ti ń sẹ̀ ní òròòwúrọ̀ ni wọ́n ti pa òwe náà, wọn kò rò ó pé àwọn ọmọ wọn yóò tẹ̀ dó sí Niamey, létí odò Ọya, níbi tí ọyẹ́ ti máa ń mú gbogbo ohun tútù gbẹ lẹ́yìn oṣù Kọkànlá, tí òjò gidi kì í sì í dé títí di oṣù Kẹfà. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ará, ilé itọ́ a máa dúró, ògiri rẹ̀ a gbẹ, a le koko, onílé a sì máa fọwọ́ lù ú lójú àlejò pé, “Ẹ ò rí i pé àwọn àgbà purọ́!”

Ọjà ìpààrọ̀ kírípítò ni ilé itọ́ ayé ìsinsìnyí, àwọn birikilà rẹ̀ sì ni àwọn ọ̀dọ́ tí à ń pè ní backend engineer, ọmọ ọlọ́pọlọ pípé, ọmọ a-fòru-kọ-kóòdù, tí wọ́n lè jókòó sí yàrá kan ní àdúgbò Plateau ní Niamey kí wọ́n máa sin ọ̀gá tí wọn kò fojú kàn rí. Àwòrán mèremère ojú fóònù kì í ṣe tiwọn. Ẹ̀yìn ni tiwọn, níbi tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ tí ń yọ owó lórúkọ Lágbájá, tí ń kọ ọ́ sí ti Tàmẹ̀dò, tí ń rí i dájú pé bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já tí oníbàárà sì tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì, owó kò ní jáde lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ ohun tí oníbàárà ń pè ní owó òun, òǹkà lásán ni nínú ìwé tí ẹlòmíràn ń kọ, ẹlòmíràn náà ló sì mú kọ́kọ́rọ́ bítíkọ́ìnì gan-an lọ́wọ́.

Kí a má purọ́ mọ́ wọn, wọ́n ní àwíjàre. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niamey ní 26 oṣù Keje 2023, tí ECOWAS ti ẹnubodè, tí a ti owó orílẹ̀-èdè náà mọ́ báńkì àgbà BCEAO, tí owó sì di ohun ọ̀wọ́n ní báńkì gbogbo, ta ni kò ní fẹ́ràn owó tí a ní kò mọ ẹnubodè? Àfi pé Nàìjíríà gé iná tó ń fún Nìjẹ̀r ní àkókò kan náà, owó tí kò mọ ẹnubodè sì jókòó sínú òkùnkùn, ó ń retí jẹnẹrétọ̀.

Ẹ wo bí ìrì ṣe ń sẹ̀. Gary Wang, ọ̀gá àwọn tó kọ kóòdù fún ọjà ìpààrọ̀ FTX, jẹ́rìí ní kóòtù New York ní oṣù Kẹwàá 2023 pé wọ́n kọ ọ́ sínú kóòdù kí Alameda, ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ ti Sam Bankman-Fried, olùdásílẹ̀ FTX kan náà, lè máa ná kọjá ohun tó ní, títí dé bílíọ̀nù 65 dọ́là. Ó ní òǹkà owó ìdáàbòbò tí wọ́n ń gbé han aráyé, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ní kó ṣẹ́ gègé rẹ̀. Ó lé ní ọdún mẹ́ta tí ilé náà fi dúró gbọin, ọ̀gbẹlẹ̀ ṣáà ni. Ní oṣù Kọkànlá 2022, àwọn oníbàárà kò gbé ọkọ́, wọn kò gbé àáké, wọ́n kàn ní kí a fún àwọn lówó àwọn. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 11, FTX ti sáré wọ kóòtù pé apá òun kò ká gbèsè mọ́. Nígbà tí CBEX, tó pe ara rẹ̀ ní ọjà ìpààrọ̀, wó ní oṣù Kẹrin 2025, àwọn tó ya bo ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìbàdàn rí nǹkan gbà jáde nítòótọ́: àga.

Bẹ́ẹ̀ ní Nìjẹ̀r yìí kan náà, ní agbègbè Maradi, láti ọdún 1991, àwọn obìnrin tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé ti ń dáwó jọ nínú ẹgbẹ́ Mata Masu Dubara tí àjọ aṣèrànwọ́ CARE bá wọn dá sílẹ̀, tí wọ́n ń ka owó níṣojú ara wọn. Àwọn ẹgbẹ́ tó tọ ipasẹ̀ wọn káàkiri Áfíríkà sì ń lo àpótí alágádágodo mẹ́ta, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta. Kò sí ògbójú tó lè fòru kọ kóòdù sí irú àpótí bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má bi ọmọ yín tó ń kọ kóòdù fún wọn pé èló ni bítíkọ́ìnì yóò dé; ẹ bi í pé ta ni wọ́n gbà láyè láti ná kọjá ohun tó ní, àti pé níṣojú ta ni wọ́n ti ń ka owó náà. Bí ó bá ń wo àjà, ẹ rántí pé ẹni tí yóò dá aṣọ fúnni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò, kí ẹ bi í níbi tí òun ń tọ́jú owó oṣù tirẹ̀ sí. Bí ó bá ní ọwọ́ ìyá òun ni, ẹ tètè tẹ bọ́tìnnì tó ń gba owó jáde, nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ.