Ọjọ́ Mọ́kànlá Péré

Ẹ gbà mí o! Fóònù ni mo ń ṣáájì ní Àpòmù níbí, 200 náírà lórí ọ̀kan, 300 bó bá jẹ́ èyí tó fẹ̀ bí àwo. Kò sẹ́ni tó bá mi tọwọ́ bọ̀wé rí. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, n ó fa okùn jẹnẹrétọ̀. Bí epo bá tán, oníbàárà á kí mi kú ìrọ́jú, á gbé fóònù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá aláta tó ní sólà.

Àfi bí géńdé kan ṣe wọ súùtì dé nínú oòrùn. Ó ní ilé-iṣẹ́ àwọn ń wá ibi tí ọkọ̀ oníná yóò ti máa ṣáájì lójú títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀, ilẹ̀ bàbá mi sì wù wọ́n. "Dádì, ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀." Mo ti ń wò ó lọ́ọ̀ọ́kán: ẹni tó ra dòdò ní Ìkirè á jẹ ẹ́ tán lọ́dọ̀ mi kí ọkọ̀ rẹ̀ tó yó.

Ó ní kí n fọwọ́ síbí, síbí, àti síbí. Àwọn òpìtàn ní ìjà lórí kíka ataare ní ọjà Àpòmù ló di ogun Òwu. Ọmọ ibi tí wọ́n ti ń ka ataare ni mí. Mo jókòó ti ìwé náà, mo kà á.

Ojú ewé kẹsàn-án ni mo ti bá ejò. Ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ ní ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo àkókò inú ọdún kan. Bó bá dín, èmi ni n ó san owó ìtanràn. Mo mú bírò. Ìdá mẹ́ta tó kù, ọjọ́ mọ́kànlá péré! Owó tíránsífọ́mà nìkan, a máa ń dá a jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó pé.

Ó ní Amẹ́ríkà làwọn ti rí i. Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Houston. Òótọ́ ni: òfin tí ìjọba àpapọ̀ wọn gbé jáde ní 2023 fún àwọn tó ń gba owó ìjọba kọ́ irú ibẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu ẹ̀rọ mẹ́rin ó kéré tán, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè fún ọkọ̀ ní kilowatt 150 lẹ́ẹ̀kan náà. 600 nìyẹn. Tíránsífọ́mà tó gbé gbogbo àdúgbò wa pọ̀n, 500 ni wọ́n kọ sí i lára, òun náà sì ń kérora.

Ọmọ náà ní, "Bàbá, ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ n kà á délẹ̀." Ó kà á. Lọ́dọ̀ tiwọn, bí ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná bá mú iná lọ, wọn kì í kà á sí ẹni tó ni ẹ̀rọ lọ́rùn. Géńdé wa gbé 97 wálé láti Amẹ́ríkà, ó gbàgbé àwíjàre sí pápá ọkọ̀ òfurufú!

Mo ní kó fi ìyẹn sí i. Ó ní, "Dádì, ọ̀rọ̀ iná, ẹ̀yin àti NẸ́PÀ lẹ jọ máa yanjú ẹ̀." Èmi àti NẸ́PÀ! Ṣé a jọ fẹ́ra ni? Àwọn ará Báńdì A pàápàá, tí wọ́n gbé owó iná wọn sí 225 náírà lórí yúníìtì kan ní oṣù kẹrin 2024, wákàtí 20 lójúmọ́ ni wọ́n ṣèlérí fún wọn. 20 nínú 24, ìdá 83 ni. Bí NẸ́PÀ bá mú ìlérí tó dùn jù lẹ́nu rẹ̀ ṣẹ láìyingin, mo ṣì jẹ gbèsè.

Ó ní kí n ra jẹnẹrétọ̀. "I better pass my neighbour" tèmi kò tó kilowatt kan. Ẹgbẹ̀ta rẹ̀ ò ní í tó, ariwo wọn á sì dé Gbọ̀ngán. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ epo ti lọ ní 2023 lèèyàn ti ń sá fún bẹntiróòlù, èmi ni kí n wá máa sun ún fún ọkọ̀ tí kì í mu epo!

Ojú ewé kẹrìnlá ní kí nọ́ńbà kan wà tí awakọ̀ lè pè lọ́fẹ̀ẹ́, tọ̀sán-tòru. Òfin ìlú Ọba ni wọ́n ti mú ìyẹn. Fóònù wo? Níbo ni n ó ti ṣáájì òun náà?

Mo dá ìwé padà. Géńdé dìde, ó wo fóònù ọwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì rẹ̀ wẹ̀sì. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ó ti kú. Ẹ bá mi ki bọ iná."

Kò síná. Mo bi í pé èló ni ìtanràn mi.