Mo Mọ̀ Ọ́n Ṣe

Ọkùnrin kan wà ní Iyere, ní tòsí Ọ̀wọ̀, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ìbejì. Kò sí ẹ̀rọ tó wọ ilé ọkùnrin yìí tí kì í kọ́kọ́ rí màbo. Ẹ gbé rédíò dé, yóò ní òun mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ gbé tẹlifíṣọ̀n dé, yóò ní òun mọ̀ ọ́n ṣe. Ìwé ìlànà tó bá inú páálí wá kì í lò ju ọjọ́ méjì lọ kó tó di ohun tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà. Mo mọ ọkùnrin náà tinú-tẹ̀yìn, torí bàtà rẹ̀ ni mò ń wọ̀, ìyàwó rẹ̀ ló sì ń bá mi jà. Kí n má fi ọ̀pá pọ̀lọ́pọ̀lọ́ pa ejò: èmi gan-an ni. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ yìí, ojú ń tì mí láti máa wí "èmi, èmi" nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi gbogbo rẹ̀ sí ọrùn Bàbá Ìbejì.

Àrùn ìdílé ni. Nígbà tí WNTV, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ká kòkó lóko ni bàbá Bàbá Ìbejì. Ó tó nǹkan bí ọdún 1983 kí òun náà tó ra tirẹ̀, dúdú-òun-funfun, nínú àpótí onílẹ̀kùn tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ tì. Ọrùn bàbá ni kọ́kọ́rọ́ náà ń wà bí ìlẹ̀kẹ̀ oyè. Orí ọparun gíga kan ló so éríà mọ́. Bí ojú tẹlifíṣọ̀n bá ti ń hó wùrùwùrù, bàbá á bọ́ síta lọ yí ọparun, àwọn ọmọ á máa pariwo láti inú ilé: "Ó ti dáa! Ó tún ti bàjẹ́! Bàbá, ẹ padà síbi tí ẹ wà tẹ́lẹ̀!" Ṣùgbọ́n ta ló mọ ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀? Bí iná bá lọ, bàbá á tú bátìrì mọ́tò rẹ̀ wá sínú ilé kí eré má bàa dúró. Gbogbo àdúgbò á rẹ́rìn-ín títí di alẹ́. Tó bá di òwúrọ̀, àwọn tó wá wòran náà ni wọ́n á jọ máa ti mọ́tò.

Ọmọ ẹkùn, ẹkùn ni. GSM dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001. Ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń ka owó ìpè nígbà náà, nǹkan bí 50 náírà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá lo ìṣẹ́jú-àáyá 61 ti jẹ gbèsè ìṣẹ́jú méjì nìyẹn. Bàbá Ìbejì, tó ṣì jẹ́ àpọ́n, wá ń fojú ṣọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó ń gé gbogbo ìpè ní ìṣẹ́jú-àáyá 58. Lọ́jọ́ tí ó fẹ́ bi ọmọbìnrin kan léèrè bóyá yóò fẹ́ òun, àkọ́sọ ọ̀rọ̀ ti gùn jù. Ibi "ṣé wàá" ni aago ti pé, ó sì gé e. Ọmọbìnrin náà dúró títí, kò gbọ́ èyí tó kù. Nígbà tí Glo dé lọ́dún 2003, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìṣẹ́jú-àáyá ka owó, ni ìbéèrè náà tó rí ààyè parí. Ọmọbìnrin yẹn ni Ìyá Ìbejì lónìí. Títí di òní, bí ó bá fẹ́ fi ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀sín, "Ṣé wàá?" ló máa ń wí, yóò sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọdún 2019 ni ọ̀rọ̀ dísì. Bàbá Ìbejì ra dísì àti dẹ́kódà l'Ọ́wọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń bá èèyàn gbé e sókè ní 5,000 náírà ni òun yóò gbà. "Ẹgbẹ̀rún márùn-ún láti fi nọ́ọ̀tì mẹ́rin de irin? Mo mọ̀ ọ́n ṣe."

Ohun tí kò mọ̀ ni pé sátẹ́láìtì tó ń wá kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fojú wá. Ó wà lókè, ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà sí ilẹ̀. Bí dísì bá yẹ̀ ní dígírì kan péré lórí òrùlé ní Iyere, ibi tó ń wò lókè ọ̀hún ti fi ohun tó lé ní 600 kìlómítà yẹ̀. Ìlà-oòrùn ni sátẹ́láìtì tirẹ̀ wà. Ẹni tó bá dúró ní ìhà Ọ̀wọ̀, tó kọjú sí Auchi, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a. Bàbá Ìbejì gbọ́ "ìlà-oòrùn", ó yọ fóònù rẹ̀, ó ṣí kọ́ńpáàsì inú rẹ̀, ó sì gun àkàbà.

Láti aago mẹ́wàá àárọ̀ ló ti wà lórí páànù. Táyé wà lẹ́nu ọ̀nà, Kẹ́hìndé wà níwájú tẹlifíṣọ̀n, ìyá wọn wà lójú fèrèsé, wọ́n ń ta ọ̀rọ̀ látaré bí àwọn tó ń kó búlọ́ọ̀kù. "Ó wà ńbẹ̀?" "Kò sí!" "Báyìí ńkọ́?" "Kò sí, sà!" Páànù gbóná débi pé ìtẹ́lẹ̀ sálúbàtà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Táyé, ọmọ ọdún mẹ́wàá, wojú sánmà títí, ó ní:

"Bàbá, ibi tí fóònù yín pè ní ìlà-oòrùn yẹn, oòrùn ti fẹ́ wọ̀ síbẹ̀ o."

Bàbá Ìbejì wo fóònù. Ó wo oòrùn. Ó ní kí ọmọ náà dákẹ́, pé fóònù kì í purọ́.

Ọjọ́ kejì ni ọ̀dọ́mọkùnrin alátùn-únṣe dé. Kò tíì gun àkàbà tó fi gba fóònù, tó bọ́ àpò aláwọ tí wọ́n fi wọ̀ ọ́. Òòfà ló wà létí àpò náà, èyí tí wọ́n fi ń pa á dé; ojoojúmọ́ ló sì ń fa kọ́ńpáàsì inú fóònù síbi tó bá wù ú. Bí wọ́n ṣe bọ́ ọ, abẹ́rẹ́ yí bírí. Àkúrẹ́ ni Bàbá Ìbejì ti kọjú dísì sí láti àárọ̀ àná. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwòrán yọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gba 8,000. Ó ní 3,000 tó lé jẹ́ owó nọ́ọ̀tì tí ẹnì kan ti yí bàjẹ́.

Ẹ̀ẹ̀kejì burú ju ìyẹn lọ, torí ìyá ìyàwó wà nínú rẹ̀. Tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìntì ni ìyá yìí, l'Ọ́wọ̀ ló ń gbé. Nígbà Àjíǹde ọdún 2021, wọ́n lọ kí i, wọ́n sì jẹ iyán níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé Iyere, Bàbá Ìbejì fẹ́ bá àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní Àkúrẹ́ ṣeré lórí WhatsApp. Orúkọ àbúrò ló wà lókè pátápátá. Ṣùgbọ́n bí ìka rẹ̀ ṣe ń bọ̀ lórí rẹ̀ ni ẹnì kan fi àdúrà ọdún ránṣẹ́ sínú gúrúùpù ẹbí ìyàwó, gúrúùpù sì fò gòkè, ó rọ́pò àbúrò. Bàbá Ìbejì kò wò ó. Ó di bọ́tìnì mú, ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 47: "Àbúrò, iyán tí mo jẹ lónìí, kókó inú rẹ̀ tó fi ta ayò! Mo ń jẹ ẹ́, mo ń ṣa ọmọ ayò sápá kan." Ó rẹ́rìn-ín sí i dáadáa, ó sì fi ránṣẹ́ sí èèyàn 41 ní Ọ̀wọ̀, Èkó, London àti Houston.

Ìyá Ìbejì ló ké láti yàrá ìdáná. Bàbá Ìbejì rí ohun tó ṣe, òógùn bò ó. Ó ṣì lè yọ ọ́ nígbà náà, torí WhatsApp ti fún èèyàn láyè láti ọdún 2017 pé kó pa ohun tó fi ránṣẹ́ rẹ́ lójú gbogbo ayé, bí àkókò kò bá tíì kọjá. Ọ̀nà méjì ló jáde síwájú rẹ̀: pa á rẹ́ fún gbogbo èèyàn, tàbí pa á rẹ́ fún mi. Ọwọ́ ń gbọ̀n, ó tẹ ìkejì. Ohùn náà pòórá. "Ó ti lọ," ó wí, ó mí kanlẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé fóònù tirẹ̀ sókè: ó ń bẹ níbẹ̀ digbí. Òun nìkan ni kò lè rí i mọ́, kò sì lè yọ ọ́ mọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, WhatsApp fi bọ́tìnì kan kún un tí ẹni tó bá ṣe irú àṣìṣe yìí fi lè yí i padà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 5. Bàbá Ìbejì kà á, ó kàn ṣe "hùn-ún".

Ìyá ìyàwó kò bú u. Ohun tó kọ sínú gúrúùpù kò ju gbólóhùn kan lọ: "Mo ti gbọ́, ọkọ ọmọ mi."

Ṣé ẹ rí i pé lẹ́yìn ìyẹn, ojú àna di ohun tí èèyàn ń sá fún. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìyá náà àti àwọn àgbà ẹbí mẹ́ta wá sí Iyere fún ìpàdé. Bàbá Ìbejì sá wọ yàrá, ó ní ibà ń ṣe òun. Ó fa aṣọ bora, ó ṣí YouTube, ó wá eré Bàbá Sálà, èyí tí ń pa á lẹ́rìn-ín láti kékeré. Eré bẹ̀rẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbé ohùn sókè. Kò gbọ́. Ó gbé e sókè dé góńgó, kò tún gbọ́. Ó ń gbọn fóònù, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu.

Kò sí ohun tó ṣe fóònù. Bluetooth ni. Ọba Denmark kan tó jẹ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, Harald, ni wọ́n mú orúkọ yẹn lára ìnagijẹ rẹ̀, "eyín búlúù". Ọba náà so ilẹ̀ tó pínyà pọ̀, ni wọ́n ṣe fi sọ ohun tó ń so ẹ̀rọ mọ́ ẹ̀rọ láìní wáyà. Nílé Bàbá Ìbejì, yàrá àti pálọ̀ ló so pọ̀. Sípíkà tó rà fún ọdún Kérésì wà lórí fíríìjì lọ́hùn-ún, ó sì rántí fóònù olówó rẹ̀. Ìyá ìyàwó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń gbàdúrà fún aláìsàn. Bí ó ṣe ní "Olúwa, gbé e dìde," ni Bàbá Sálà bú sí ẹ̀rín lórí fíríìjì.

Ìyá náà parí àdúrà, ó ṣe àmín, ó ní, "Ó ti dìde." Ìyá Ìbejì ló wá sọ fún ọkọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà pé kó má bọkàn jẹ́: Bàbá Sálà alára, Moses Ọláìyá, ẹ̀rọ ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó ná owó ńlá sórí sinimá Ọ̀run Móoru lọ́dún 1982, àwọn olè dà á kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á káàkiri, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. "Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé," obìnrin náà fi kún un, "àwọn ẹlòmíì ló tú tirẹ̀ síta."

A dé Kérésì ọdún 2023. Ilé kún. Tẹlifíṣọ̀n tuntun, tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, wà lára ògiri. Wọ́n fẹ́ wo Jagun Jagun, sinimá Fẹ́mi Adébáyọ̀ tó jáde lórí Netflix ní oṣù Kẹjọ. Iná lọ. NEPA ti pa orúkọ dà láti ọdún 2005, síbẹ̀ orúkọ yẹn náà ni àwọn ọmọ fi gégùn-ún. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní òpin oṣù Karùn-ún, lítà tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ ti kọjá 600, nítorí náà epo tó wà nínú rẹ̀ kò ju ti sinimá kan lọ. Orí fóònù Bàbá Ìbejì ni sinimá wà. Wọ́n ní láti gbé ojú fóònù sórí tẹlifíṣọ̀n.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká bá yín ṣe é," Kẹ́hìndé wí.

"Mo mọ̀ ọ́n ṣe."

Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn kí wọ́n má bàa rí ìdààmú ojú rẹ̀, ó sì yọ́ wọ YouTube láti lọ wá bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kò mọ̀ pé ó ti ṣe é tán. Ohun gbogbo tó wà lójú fóònù ti wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, ńlá gbàgbà. Gbogbo ilé ń wò ó bí ó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: b-í a ṣ-e ń... Ohun tó ti wá tẹ́lẹ̀ sì tò sábẹ́ rẹ̀. Ilé pa lọ́lọ́. Ó rò pé wọ́n ń kan sáárá sí òun nínú ni. Ìgbà náà ló gbọ́ ohùn tíṣà, ohùn tó ti ka ìwé fún ọmọ ilé-ìwé fún ọdún 35:

"'Bí a ṣe ń tọ́ dísì sí sátẹ́láìtì.' 'Bí a ṣe ń gba ohun tí a pa rẹ́ fún ara wa padà.' 'Ṣé ìyá ìyàwó lè gba ọmọ rẹ̀ padà.'" Ìyá náà tún awò ojú rẹ̀ ṣe. "'Bí a ṣe ń gún iyán tí kò ní kókó.'"

Táyé ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò mọ ẹni tí kò rẹ́rìn-ín. Jẹnẹrétọ̀ náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Epo ti tán.

"Ọkọ ọmọ mi," ìyá náà wí nínú òkùnkùn, "ṣé o rí iyán yẹn kọ́?"

Ẹnu ti mọ́ ọn. "Mo mọ̀ ọ́n ṣe, Mà."

Wọ́n gbé iṣu kaná lóru ọjọ́ yẹn. Wọ́n yí odó síta, àwọn ìbejì tan iná fóònù sí i. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá kan ọmọ odó, kò sí Bàbá Ìbejì kankan tí mo lè sá sẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Èmi ni mo bọ́ṣọ, èmi ni mo gún un. Ìyá ìyàwó mi bu òkèlè, ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó yọ kókó kan, ó gbé e sétí àwo. Ó yọ ìkejì. Nígbà tó pé mẹ́rin, ó fọwọ́ sí Kẹ́hìndé, ó ní kó lọ gbé ọpọ́n ayò wá.