Bí Prelude Mi Ṣe Di Ẹrù

Ọdún 1978 ni ilé iṣẹ́ Honda kọ́kọ́ gbé mọ́tò tí wọ́n ń pè ní Prelude jáde. Ọdún yẹn náà ni ìjọba ṣí òpópónà Èkó sí Ìbàdàn. Mi ò mọ̀ pé àwọn méjèèjì ti jọ dá ọjọ́ tí wọn yóò fi mí ṣẹ̀sín, tí wọ́n sì ti yan Ògèrè lójú ọ̀nà yẹn, níbi tí àwọn onítírélà àti onítáńkà pọ̀ sí, kí òǹwòran má bàa ṣọ̀wọ́n.

Prelude tèmi kì í ṣe ti 1978 o. Ọmọ àárín àwọn ọdún 1990 ni, onílẹ̀kùn méjì, jíà rẹ̀ ọtomátíìkì, àwọ̀ rẹ̀ pupa kó tó di pé oòrùn sọ ọ́ di aláwọ̀ ọsàn. Bí wọ́n ṣe ṣe é láti Japan, ó ti wálẹ̀ tó, ṣùgbọ́n ojú mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Mo gbé e lọ bá wẹ́dà kan, mo ní kó gé sípírínì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrú. Ó bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Nígbà tó ṣe é tán, èèyàn lè jókòó nínú mọ́tò yẹn, kó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, kó sì ṣa owó nílẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Àwọn tó ń wakọ̀ lẹ́yìn mi ni kò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí gbogbo bọ́ǹpù tí mo bá dé, ẹ̀gbẹ́ ni mo máa ń fi gùn ún, táyà kan á lọ, òmíràn á tẹ̀ lé e, wọ́n á sì máa tẹ họ́ọ̀nù, wọ́n á máa bú ìyá mi tí kò gé sípírínì ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo dé Ògèrè lọ́jọ́ náà, táímìnì bẹ́ẹ̀tì ló já. Mẹkáníìkì mi ti pariwo títí pé ká pààrọ̀ rẹ̀. Owó bẹ́ẹ̀tì ni mo fi ra ríìmù. Nínú irú ẹ́ńjínnì yẹn, bí bẹ́ẹ̀tì bá já, písítìnì á gbéra lọ gbá fáàfù, fáàfù á sì tẹ̀. Bí èèyàn bá tún ń sítáàtì í lẹ́yìn náà, ó kàn ń bá wọn dá sí ìjà náà ni. Èmi dá sí i dáadáa. Nígbà tó rẹ̀ mí, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣẹ́ ewé, mo tò ó sí ẹ̀yìn mọ́tò bí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ṣe ń ṣe, mo sì tan iná tó ń ṣẹ́jú. C-caution tí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó máa ń béèrè wà nínú búùtù, abẹ́ ẹrù ló wà, mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀ kó má bàa dọ̀tí.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi kan ní Ṣàgámù, tó ní Hilux. Kí n tó sọ̀rọ̀ tán ló ti ní, “Pe àwọn onítówíìn. Èyí tí ẹ̀yìn ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kí wọ́n gbé gbogbo ẹ̀ kúrò nílẹ̀.” Ó dárúkọ iye tí wọ́n ń gbà. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní owó yẹn á ra bẹ́ẹ̀tì tó pọ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí pé èwo ni mo rà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ni, ó wá. Kó tó dé, mo ti ra okùn lọ́wọ́ àwọn onítírélà, irú èyí tí wọ́n fi ń di tapólì, ó nípọn, ó sì dùn ún wò.

Honda ṣe ìkọ́ irin kan sí abẹ́ mọ́tò níwájú fún irú ọjọ́ báyìí. Kí èèyàn tó rí i, á dùbúlẹ̀, á sì yọjú wo abẹ́. Abẹ́ mọ́tò tèmi kò gba orí èèyàn mọ́. Mo bá na ọwọ́ wọlé, mo ń tá a, mo kan ohun kan tó le, mo so okùn mọ́ ọn, mo ta á ní kókó tí àwọn tó dúró wò mí fi yìn mí. Mo wọlé, mo ti jíà sí N, mo ju ọwọ́ sókè pé ó yá.

Ọ̀rẹ́ mi tẹ iná. Bọ́ńpà mi gbéra. Òun nìkan ló gbéra. Mo jókòó nídìí sítíárì, mo ń wo bọ́ńpà ara mi bó ṣe ń bá Hilux lọ sí Ìbàdàn, nọ́ńbà mi wà lára ẹ̀, ó ń fò, ó ń yí, bí eégún tí atọ́kùn rẹ̀ ti sọ nù. Mọ́tòbọ́ì kan tó jókòó sórí tírélà kígbe sí mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yín ti ń lọ o! Ẹ̀yin nìkan ló kù!”

Oore kan wà nínú ẹ̀ ṣá. Bọ́ńpà ti kúrò, ìkọ́ irin wá hàn sí gbogbo ayé. A so okùn mọ́ ibi tó yẹ lọ́tẹ̀ yìí.

Ohun tí mi ò mọ̀ nípa bírékì nìyí: ẹ́ńjínnì ló ń ran ẹsẹ̀ wa lọ́wọ́ nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ́ńjínnì bá kú, ìrànlọ́wọ́ tó kù nínú rẹ̀ kò ju ìtẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, àfi kí èèyàn fi gbogbo agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ tì í. Sítíárì náà á le gan-an. Ìtẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta yẹn, orí ìdúró ni mo ti ná wọn tán, níbi tí mo ti ń dán an wò bóyá bírékì ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà náà.

A ò tíì rìn jìnnà tí táńkà kan fi yà síwájú ọ̀rẹ́ mi. Ó tẹ bírékì tirẹ̀. Èmi náà tẹ tèmi, kò dá mi lóhùn. Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, mo pe orúkọ Ọlọ́run. Mọ́tò gíga ì bá kọ lu ìdí Hilux, kí wọ́n jọ yanjú ẹ̀ níbẹ̀. Tèmi wọ abẹ́ ẹ̀ ni, bọ́nẹ́ẹ̀tì mi ń wọlé díẹ̀díẹ̀, títí tí irin ẹ̀yìn Hilux fi dúró sí iwájú gíláàsì mi, tí mo lè rí bí wọ́n ṣe kùn ún. Hilux kò ní nǹkan kan. Ọ̀rẹ́ mi sọ̀ kalẹ̀, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní ìyàwó òun ń retí òun nílé. Ó ká okùn mi sẹ́yìn ọkọ̀ ẹ̀ láìmọ̀, ó lọ.

Mo tún tan iná tó ń ṣẹ́jú, mo wá gbà láti pe onítówíìn. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ọgbọ́n ti dé. Nínú àwọn tí wọ́n fún mi ní nọ́ńbà wọn, ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù ni mo pè, ọkọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tó ń fi irin gbé apá kan mọ́tò sókè, tí apá kejì á máa yí lórí títì. Ó wo iwájú tí kò ní bọ́ńpà, ó ní ìyẹn ti bàjẹ́ jù, ẹ̀yìn lòun á gbé. Ó jọ mí lójú pé ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni.

Ẹ sáà rò ó wò. Mọ́tò tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ wá gbé ìdí rẹ̀ sókè. Níbo ni imú ń lọ? Bí irin ṣe ń gbé ẹ̀yìn ni iwájú ń tẹrí ba, nígbà tó sì fà á díẹ̀, irin tó gbé rádíétọ̀ dúró bẹ̀rẹ̀ sí í ha títì, omi bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Bàbá kan tó ń wa táńkà, tó ti ń wò wá láti ìgbà bọ́ńpà, ló dìde níbi tó ti ń jẹun. Ó ní, “Ọmọ mi, táyà wo ló ń wa ọkọ̀ yìí?”

Mo ní, “Ti iwájú ni, bàbá.”

“Jíà ọtomátíìkì?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Táyà wo lẹ wá fi sílẹ̀ kó máa yí?”

Mi ò fèsì. Bàbá ní ẹ́ńjínnì ló ń yí ohun tó ń pín ọ́ìlì kiri inú jíà yẹn. Bí ẹ́ńjínnì bá kú, tí táyà iwájú sì ń yí, irin inú jíà á máa gbẹ, á máa jẹ ara wọn, tí a bá sì fà á báyìí dé Ìbàdàn, ẹ́ńjínnì àti jíà lèmi yóò jọ máa rà. Ó ní okùn tí a kọ́kọ́ fi ń fà á gan-an, ìwà kan náà ni. Onítówíìn ní òun mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ó gba owó “ìgbésókè”, ó gbé e kalẹ̀, ó lọ. Mo ti jíà padà sí P.

Ilẹ̀ ti ń ṣú kí ọkọ̀ ẹlẹ́yìn-pẹrẹsẹ tó dé, èyí tí ọ̀rẹ́ mi ti sọ láti àárọ̀. Awakọ̀ rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó yí mọ́tò mi ká, ó wo ibi tí bọ́ńpà wà tẹ́lẹ̀, ó ní kí n ti jíà sí N. Jíà kò kúrò ní P. Iná tí mo tàn ti mu bátìrì gbẹ, bẹ́ẹ̀ iná bátìrì ló ń tú jíà yẹn sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá fà á. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ rọra.” Ó yọ ìdérí pẹlẹbẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà, ó ki kọ́kọ́rọ́ mi bọ ihò tó wà níbẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, jíà sì rìn. Gbogbo ọdún tí mo ti ń wa mọ́tò yẹn, mo rò pé ihò skúrù ni.

Lẹ́yìn náà ló da ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ délẹ̀, ó sì dúró ó ń wo igun tó wà láàárín rẹ̀ àti ilẹ̀. Mo ní kó jẹ́ ká kàn máa fà á gòkè. Ó ní imú á kọ́kọ́ gún un, bí imú bá sì là á kọjá, ikùn á há sórí gegele lókè. Ó fa pákó 2×12 jáde, gígùn kan lábẹ́, kúkúrú kan lórí ẹ̀, lọ́tùn-ún lósì, kí ìgòkè lè bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, kó sì rọra. Okùn irin bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, ó ń dá a dúró, ó ń wo abẹ́, ó ń tún pákó tò, mo ń sọ fún un pé ó ti dáa, kò gbọ́ tèmi. Mọ́tò náà gòkè láìha nǹkan kan. Gbogbo ohun tó lè ha, mo ti ha wọ́n dànù kó tó dé.

Táyà ló fi bẹ́líìtì dè mọ́lẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò de ara mọ́tò. Ó ní ara mọ́tò máa ń fò lórí sípírínì, bẹ́líìtì á dẹ̀. Táyà kì í fò. Mo ní sípírínì tèmi kò ní ibi tí yóò fò lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ jókòó nínú Prelude mi, ó ní, “Ẹrù ni báyìí. Ẹrù kì í ní awakọ̀. Ẹ wá síwájú.” Nígbà tí a rìn díẹ̀, ó dúró létí ọ̀nà, ó lọ fún bẹ́líìtì wọ̀nyẹn le sí i, a sì dé Ìbàdàn láìsí wàhálà kankan.

Ẹnu ọ̀nà àdúgbò mi tóóró. Mo sọ̀ kalẹ̀ láti máa darí ẹ̀ bó ṣe ń fi ẹ̀yìn wọlé. Òkùnkùn ni, mo fẹ́ fi hàn pé èmi náà mọ nǹkan. Mo ń pariwo pé, “Máa bọ̀, máa bọ̀, ọwọ́ òsì díẹ̀, máa bọ̀!” Ó ń bọ̀. Síláàbù gọ́tà bàbá ojúlé kejì ló kọ́kọ́ fèsì. Ó là sí méjì, táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ agbọ́kọ̀ rì sínú gọ́tà, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, Prelude mi sì wà lókè, bẹ́líìtì dì í mú gírígírí.

Awakọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó wo táyà, ó wo síláàbù, ó wá wo èmi fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, okùn tí ẹ fi já bọ́ńpà yẹn, níbo ló wà?”

Mo ní ó wà nínú Hilux. Mo pe ọ̀rẹ́ mi. Ó ti pa fóònù rẹ̀.