Ọ̀gá Léfòó

Nígbà ooru, ẹ máa bá a létí odò Test, nítòsí Stockbridge ní Hampshire, lápá gúúsù Ìlú Ọba. Orúkọ tí baba rẹ̀ sọ ọ́ kò kàn wá. Ọ̀gá Léfòó ni tiwa. Ó wọ bàtà rọ́bà dé itan, ó fi eṣinṣin àtọwọ́dá gún fìlà rẹ̀ yíká, ó kọ́ awò kan sọ́rùn, ó fi òmíràn sójú. Ẹja trout ló ní òun wá pa. Ẹ má tìtorí rẹ̀ gbé ìkòkò kaná.

Ẹ dárúkọ ekòló níwájú rẹ̀, kí ẹ wo bí ojú rẹ̀ ṣe máa le bíi ti àna tí wọn kò dọ̀bálẹ̀ fún. Ohunkóhun tó bá rì sómi, èèwọ̀ ni. Ìyẹ́ àkùkọ tí wọ́n wé mọ́ ìwọ̀ bíńtín, tó jọ eṣinṣin, tó ń léfòó lójú omi, òun nìkan ló gbà. Kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ síbi tó bá ti rí. Ó di ìgbà tó bá fojú ara rẹ̀ rí trout tó yọ ẹnu sókè tó ń jẹun, kó tó yọ́ gba ẹ̀yìn rẹ̀ wá, kó kọjú síbi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, kó sì sọ eṣinṣin náà síwájú ẹja yẹn gan-an. Bí ẹja kankan kò bá yọjú, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Owó ìjókòó yẹn kì í ṣe kékeré. Láti ìparí oṣù Karùn-ún wọ oṣù Kẹfà, nígbà tí kòkòrò mayfly bá ń tú jáde, ọjọ́ kan létí odò yìí lè jẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún pọ́n-ùn. Mayfly fúnra rẹ̀ ń lo nǹkan bí ọdún méjì nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, ọjọ́ kan tàbí méjì péré ló sì ń lò lókè. Lásìkò náà, oúnjẹ máa ń wọ trout lójú débi pé ẹni tí kò mọ ọ̀pá ìwọ̀ mú pàápàá ń rí i pa. Ọ̀gá Léfòó kì í pa àsìkò yìí jẹ. Ó ní orin àwọn ẹyẹ lòun ń bọ̀ wá gbọ́.

Frederic Halford, ọmọ olówó kan tó kọ ìwé lórí eṣinṣin tó ń léfòó ní 1886, ni wòlíì ẹ̀sìn yìí. Lọ́yà kan, G. E. M. Skues, wá tẹ ìwé tirẹ̀ jáde ní 1910 pé kò sóhun tó burú nínú kéèyàn tẹ̀ lé trout lọ sábẹ́ omi tó ti ń jẹun. Ọ̀rọ̀ dìjà. Ní 1938, wọ́n ṣì ń jiyàn rẹ̀ ní Flyfishers' Club ní London. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Ogun Àgbáyé Kejì bẹ́ sílẹ̀. Ẹ bi Ọ̀gá Léfòó, kò dá a lójú pé ogun yẹn ló le jù nínú ìjà méjèèjì.

Ẹ wò ó báyìí. Trout kan ti yọ ẹnu lábẹ́ igi willow. Ó kúnlẹ̀. Ó pààrọ̀ awò, ó ń wá ojú ìwọ̀ tí yóò ki okùn bọ̀, okùn gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ó tún un ṣe. Ó fi òróró pa eṣinṣin, ó fẹ́ ẹ lẹ́nu. Ó ju ọ̀pá sẹ́yìn: igi gbé eṣinṣin hán. "Atẹ́gùn ni," ló wí. Ó so òmíràn. Èyí balẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣàn omi wọ́ okùn, eṣinṣin ń sá eré lójú omi, trout sì bá tirẹ̀ lọ.

"Ẹja àtayébáyé nìyẹn," ó wí fún olùtọ́jú odò. "Ó ti gbọ́n jù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni olùtọ́jú odò dáhùn. Òun ló gbé ẹja náà wá láti ọgbà tí wọ́n ti sìn ín, tó dà á sódò lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ọjọ́ tó bá rí ẹja mú, á yà á ní fọ́tò, á sì dá a padà sómi. Lálẹ́, ní òtẹ́ẹ̀lì, kì í tilẹ̀ sọ̀rọ̀ ẹja. Ẹni tó wà lókè odò, tó fi ìwọ̀ abẹ́ omi mú mẹ́fà, ló ń bú: "Ó mú un, àmọ́ kò mú un dáadáa." Ohun tó ń fi owó rẹ̀ rà gan-an nìyẹn.

Síbẹ̀, ká má purọ́ mọ́ ọn. Omi òjò tó ti rìn jìnnà nínú òkúta ẹfun ló ń sun sínú odò Test. Ó mọ́ gaara, ó sì tutù ní nǹkan bí 10°C ní orísun, ẹ̀ẹ̀rùn òun òtútù. Ìlú Ọba ni èyí tó pọ̀ jù nínú irú odò bẹ́ẹ̀ láyé wà. Wọ́n ń fa omi wọn fún ẹ̀rọ omi ilé, ìdọ̀tí sì ń ṣàn sínú wọn. Ta ló ń kọ lẹ́tà sí aṣòfin? Ta ló ń wọ inú omi lóṣooṣù, tó ń fi àwọ̀n gbọ́n ìdin abẹ́ omi, tó ń kà wọ́n kó lè mọ̀ bóyá ara odò le? Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Ìdin tí kò jẹ́ fi dẹ ẹja láéláé náà ló ń kà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Agbéraga ni, ẹja pípa rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n odò tó ní irú rẹ̀ létí sàn ju odò tí ẹnikẹ́ni kì í pariwo nítorí rẹ̀ lọ.