Ṣé Ọmọ Náà Ti Sùn Ni?

Ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí rò pé jíjí nìkan ni wàhálà. Wọn ò sọ fún wa pé apirọrọ ń wo ibi tí a ń kówó sí.

Ẹ wo ìyá tó ti Ọjà'ba dé sílé ní Bẹyẹrúnkà lálẹ́. "Ó yá, lọ sùn." Ọmọ dùbúlẹ̀, ó faṣọ borí. Ìyá tú kókó etí ìró, ó ń ka owó àjọ sábẹ́ ẹní. Kílẹ̀ tó mọ́, ọmọ ti ń ròyìn fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀: ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà, igba náírà kan sì ti ya.

Irú ìyá yìí pọ̀ láàárín àwọn tó ń kọ kóòdù. Kóòdù Xen ni kí a fi ṣàpẹẹrẹ, èyí tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Cambridge, tó jáde ní 2003, tí Amazon sì fi bẹ̀rẹ̀ EC2, iṣẹ́ fífi kọ̀ǹpútà háyà, ní 2006. Ó ń pín kọ̀ǹpútà kan fún ọ̀pọ̀ èèyàn bí onílọta Bẹẹrẹ ṣe ń gba abọ́ ata lọ́wọ́ obìnrin mẹ́wàá, àfi pé níbí, oníkálukú rò pé òun nìkan ló ni ẹ̀rọ. CPU àfarawé tó wà nínú ìpín kálukú ni wọ́n ń pè ní vCPU.

Àṣẹ oorun méjì ló wà nínú Xen fún vCPU. vcpu_sleep_nosync á ní "Lọ sùn," á sì bá tirẹ̀ lọ. vcpu_sleep_sync á dúró lẹ́bàá ẹní títí vCPU yóò fi kúrò lórí ẹ̀rọ. Ẹni tó lo ti àkọ́kọ́, tó wá ń tú ẹrù vCPU náà láìwò ó, lè bá a níbi tó ṣì ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Kì í sì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Ìyẹn gan-an ló burú.

Kí n má purọ́ mọ́ àwọn tó ṣe Xen, wọ́n fi ọdẹ ti àṣẹ kejì. ASSERT kan, ìyẹn àyẹ̀wò inú kóòdù, wà nínú vcpu_pause tó ń lo àṣẹ kejì yìí; ó ń rí i pé kì í ṣe ara rẹ lo fẹ́ dá dúró. Ẹni tó ní kí ara òun sùn, tó tún jókòó tì í láti mọ̀ bóyá ó ti sùn, ilẹ̀ á mọ́ bá a ni. Àmọ́ nígbà ìdánwò ni ASSERT ń ṣọ́nà. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé e fún oníbàárà, wọ́n á yọ ọ́ kí ẹ̀rọ lè yá: wọ́n gba ọdẹ nígbà tí ìsọ̀ ṣófo, wọ́n ní kó máa relé lọ́jọ́ tí ọjà dé.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń kọ kóòdù, ẹ kọ́kọ́ ṣí aṣọ lójú ọmọ yẹn ná, kí ẹ tó tú etí ìró.