Eku Tí Kò Wo Ìtẹ́

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Àwọn tó pa òwe yìí kò rí Excel kí wọ́n tó re ìwàlẹ̀ àsà. Láti orí Excel 2007, ẹni tó bá ṣí ojú ìwé kan ṣoṣo ti ní òpó 16,384 àti ìlà 1,048,576, kò bẹ ẹnikẹ́ni. Eku rí yàrá, orí eku wú. Kò bi ara rẹ̀ léèrè bí ìtẹ́ tí yóò padà sùn ti fẹ̀ tó: bébà A4 inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mìlímítà 210 ní ìbú, 297 ní gígùn, tí kì í tìtorí ẹnikẹ́ni fẹ̀ sí i.

Ẹ wo akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bí ìpàdé ọdún ṣe ku ọ̀la. Ó to orúkọ, fóònù, àdírẹ́sì, oṣù méjìlá, oṣù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òpó tirẹ̀, àròpọ̀, ẹ̀yáwó, èlé, gbèsè tó kù, ó wá fi "Àkíyèsí" dé e ládé. Nínú gbogbo Àkíyèsí yìí, "ó dáa" nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré. Lójú kọ̀ǹpútà, ó rẹwà, àwọ̀ ewé lókè, àwọ̀ ojú ọ̀run nísàlẹ̀. Ló bá tẹ Print.

Bí a kò bá yí i padà, Excel a máa tẹ̀wé láti òkè dé ìsàlẹ̀ ná, kó tó ṣí sí apá ọ̀tún. Orúkọ wà ní ewé mẹ́rin àkọ́kọ́. Láti ewé karùn-ún lọ, owó nìkan ló kù, owó tí kò ní baba. Ó di ọjọ́ ìpàdé.

"Ta ló ni ẹgbẹ̀rún márùn-ún yìí?"

"Èmi ni mo ni ín."

"Ẹ̀yin kẹ̀, Ìyá Ìbejì? Oṣù wo lẹ san án?"

Ewé yẹn kò lórí, kò sẹ́ni tó lè sọ oṣù tó jẹ́. Ẹnì kan ti ń fi sẹ́lótéèpù lẹ ewé mọ́ ewé lórí tábìlì. Bàbá kan rí ##### níwájú orúkọ tirẹ̀: "Akápò, ṣé ẹ ti sọgbà yí owó mi ká ni?" Òpó ló há fún iye owó náà; Excel kì í gé nọ́ńbà sí méjì, ọgbà ló máa ń sọ.

Akọ̀wé, ọ̀mọ̀wé ọkùnrin, ní kí wọ́n fún gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú ewé kan. Ó ṣeé ṣe o. Excel lè dín in kù títí dé ìdá kan nínú mẹ́wàá. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wọ inú ìtẹ́ lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ní láti lọ̀ wọ́n kúnná kí wọ́n tó wọ̀ ọ́.

Bẹ́ẹ̀, kí akápò tó la òpó àkọ́kọ́ ni ì bá ti wọ Page Layout, kó yan A4, kó dá bébà dùbúlẹ̀ sí Landscape. Ì bá fi Print Titles mú kí orí òpó àti orúkọ máa tẹ̀ lé owó dé gbogbo ewé. Ì bá ní kí ìbú jẹ́ ewé kan, kó fi gígùn sílẹ̀ kó máa lọ. Print Preview kò sì gba kọ́bọ̀. Àdírẹ́sì ńkọ́? Ta ló fẹ́ fi àdírẹ́sì ara rẹ̀ wá ilé lọ́jọ́ ìpàdé?

Ìpàdé fẹnu kò. Wọ́n ní kí wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń tẹ bébà A3, tó jẹ́ ìlọ́po méjì A4. Akápò ti la òpó tuntun fún owó ẹ̀rọ náà.